Bakitéríà nínú ilé adìẹ ayéyin: oògùn inú omi, àjẹsára, àbí kí a kó wọn jáde?

Bí ẹyin bá já láti àwo 12 sí àwo 8 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí òkú adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láràárọ̀, ìyẹ̀fun oògùn ni ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ máa ń sáré rà. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sàbẹ, ní ilẹ̀ Benin níbí, kò ṣòroó rí: ó wà ní ilé oògùn ẹran, ó wà lórí àtẹ ọjà, òmíràn sì gba ẹnubodè wọlé láti Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó rà á kò lè kà. Ohun tó ṣòro ni láti mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun ló tilẹ̀ yẹ. Àìsàn bakitéríà kan wà tí oògùn inú omi máa ń ṣẹ́gun láàárín ọjọ́ márùn-ún. Òmíràn wà tí oògùn kò lè ṣe ju pé kó bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé gbogbo fáránkì tí a bá ná lé e lórí ti ṣòfò. Ẹni tó ní adìẹ láti 200 dé 2.000, tó fẹ́ pinnu kí ó tó tọwọ́ bàpò, ni a kọ ìfiwéra yìí fún.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n

Ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹ bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń pa bakitéríà tó wà lára adìẹ yìí gan-an? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tí wọ́n bá yé lásìkò ìtọ́jú? Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, owó oògùn pẹ̀lú owó ẹyin tí a ó dà nù? Ṣé àìsàn náà yóò lọ pátápátá, àbí yóò fara pamọ́ títí ọyẹ́ tàbí òjò yóò fi dé? Ṣé ohun tí ọ̀nà náà ń béèrè, yálà yìnyín, abẹ́rẹ́ tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, wà ní àrọ́wọ́tó yín?

Ìkẹta ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá, òun ló sì wúwo jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Adìẹ 500 tó ń yé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ń mú ẹyin 375 wá lóòjọ́, ìyẹn àwo 12 àti ààbọ̀. Bí oògùn bá jẹ́ ti ọjọ́ 5, tí ìwé rẹ̀ sì ní kí a dúró fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 12 ni ẹyin kò gbọdọ̀ fi dé ọjà. Àwo 150 nìyẹn. Ká ní 2.000 fáránkì lẹ ń ta àwo kan, 300.000 fáránkì ti lọ kí a tó ka owó oògùn rárá. Ìdí nìyí tí oògùn tó wọ́n tí kò béèrè ìdúró fi lè dínwó ju ìyẹ̀fun pọ́ọ́kú lọ.

Lára páálí oògùn tí wọ́n fi Faransé kọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «délai d'attente», kí ẹ wo iye ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ «œufs». Ti ẹran àti ti ẹyin kì í dọ́gba, ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì. Bí ẹ bá rí «ne pas utiliser chez les poules pondeuses», oògùn yẹn kì í ṣe ti adìẹ tó ń yé, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Èyí tó bá ti Nàìjíríà wá, «withdrawal period» ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí ìwé kankan lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ ṣí òkú adìẹ kí ẹ tó ṣí oògùn

Ìkìlọ̀ kan kọ́kọ́ wà. Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí ogbe wọn dúdú, tí orí wú, ẹ má fọwọ́ kan òkú wọn, ẹ má ta ìkankan, ẹ pe dókítà ẹran ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àrùn H5N1, ìyẹn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, jà ní gúúsù ilẹ̀ Benin. Fáírọ́ọ̀sì ni, ó lè ran ènìyàn, kò sì sí oògùn bakitéríà kan tó kàn án. Àrùn Newcastle náà fáírọ́ọ̀sì ni.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu, ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ìyẹ́ rẹ̀ kí eruku má baà fò sókè, kí ẹ wá là á láti ìdí lọ sí àyà. Ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀dọ̀ adìẹ tó ní ìlera pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ mú. Èyí tó wú, tí etí rẹ̀ yi, tó sì ń yí sí àwọ̀ idẹ tó ní ewé díẹ̀ nínú bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, táífọ́ọ̀dù adìẹ ló fi ń hàn, èyí tí àwọn dókítà ń kọ sílẹ̀ ní typhose. Salmonella Gallinarum ló ń fà á. Ọlọ inú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwe náà yóò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbẹ́ adìẹ tó kù láàyè yóò sì pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ ewé.

Bí ohun funfun bí awọ wàrà bá bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀, tí nǹkan bí ẹyin sísè tó fọ́ bá kún inú ikùn tàbí tó dì sí ọ̀nà ẹyin, E. coli ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí àpò afẹ́fẹ́ bá ní ìfófòó tàbí ọyún pupa rúsúrúsú nínú, Mycoplasma ni, àìsàn mímí tí wọ́n ń pè ní MRC. Adìẹ tó sanra, tó ń yé dáadáa, tó kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ tò bí orí abẹ́rẹ́ sára ọ̀rá ọkàn rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ní àmì funfun wínníwínní, kọ́lẹ́rà adìẹ ló jọ, Pasteurella sì ni orúkọ bakitéríà rẹ̀. Ti coryza kò nílò ọ̀bẹ: ojú wú, ikun imú ń rùn, gbogbo ilé adìẹ lè kó o láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Fún àìsàn mímí, ẹ wọ ilé adìẹ lálẹ́ nígbà tí iná bá ti kú. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́sàn-án, ariwo wọn máa ń bo ikọ́ mọ́lẹ̀. Lóru, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń sín, ẹ ó gbọ́ ọ̀fun tó ń hó. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí orí adìẹ wà. Bí òórùn ìtọ̀ ilẹ̀ bá ta yín lójú níbẹ̀, òórùn yẹn ló ń bó inú ọ̀fun wọn tí E. coli fi ń rí ọ̀nà wọlé. Ẹ lè fún wọn ní oògùn tó dára jù láyé, bí kópò tó tutù yẹn, ìyẹn ìfọ́ pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, bá wà nílẹ̀, àìsàn yóò padà.

Ojú nìkan kò tó láti dájú, nítorí àwọn àmì yìí máa ń wọnú ara wọn. Ilé àyẹ̀wò ẹran tí ìjọba dá sílẹ̀ wà ní Parakou, LADISERO ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Sàbẹ sún mọ́ ọn ju àwọn ará Àjàṣẹ́ lọ. Dókítà ẹran agbègbè yín ni kó bá yín fi ránṣẹ́. Ẹ kó adìẹ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ó jẹ́ èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí kò tíì mu oògùn kankan. Àpò ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi wé wọn, kí ẹ gbé wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Yìnyín ni, kì í ṣe fírísà: òkú tó bá dì yóò ba àyẹ̀wò jẹ́. Kí ẹ sì béèrè «antibiogramme», ìyẹn ni àyẹ̀wò tó ń fi oògùn tó ṣì ń pa bakitéríà náà hàn. Ọjọ́ díẹ̀ ni yóò gbà. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí àwo 150 tí a ṣírò lókè yẹn.

Ọ̀nà kìíní: oògùn inú omi

Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: ó yá, kò béèrè kí a mú adìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé adìẹ tó ń ṣàìsàn máa ń dẹ́kun oúnjẹ kó tó dẹ́kun omi. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìwọ̀n. «Ṣíbí kan sí korobá kan» kì í ṣe ìwọ̀n.

Ìwúwo ara adìẹ ni kí ẹ fi ṣírò. Ká ní ìwé oxytetracycline yín ní mílígírámù 20 fún kílò ara kan lóòjọ́. Adìẹ 500, kílò 1,8 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kílò 900. Ìlọ́po 20 jẹ́ mílígírámù 18.000, ìyẹn gírámù 18 oògùn gidi. Bí ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ rà bá jẹ́ ti 20%, gírámù 90 lẹ ó wọ̀n lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ ti 50%, gírámù 36 péré. Ṣíbí kan náà, oògùn ju ìlọ́po méjì lọ: ẹ ò rí i pé òṣùwọ̀n kékeré ṣe kókó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Adìẹ ayéyin kan ń mu nǹkan bíi mílílítà 200 sí 250 lóòjọ́ tí ojú ọjọ́ tura, ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù kẹta ní Sàbẹ, ó lè mu púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn omi tí wọ́n mu lánàá. Ẹ fi oògùn òòjọ́ kan sínú ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn, ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú korobá kékeré títí kò fi ní kókó, kí ẹ tó dà á sínú táńkì. Ẹ gba omi lẹ́nu wọn fún wákàtí kan láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, kí ẹ wá gbé ti oògùn fún wọn. Nígbà tó bá tán, ẹ fún wọn ní omi lásán. Ẹ má fi oògùn àná kún ti òní. Ẹ bo táńkì kí oòrùn má baà tàn sí i. Ẹ má sì fi omi Javel sínú omi oògùn.

Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún bí ìwé ṣe wí, kí ẹ parí rẹ̀. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé òkú ti dín kù, àwọn bakitéríà tó lágbára jù ló fi sílẹ̀ láàyè. Adìẹ tí kò lè dìde mọ́ kò ní mu omi; ẹ yà á sọ́tọ̀ tàbí kí ẹ pa á kí ó má jìyà.

*Oxytetracycline* (àti ẹbí rẹ̀ doxycycline) ni ó rọrùn rí jù, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ó dára fún Mycoplasma, fún coryza àti fún kọ́lẹ́rà. Fún E. coli àti Salmonella, wọ́n ti lò ó jù káàkiri ayé débi pé ọ̀pọ̀ bakitéríà wọ̀nyẹn kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe gbára lé e láìsí antibiogramme. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kálísíọ́mù máa ń dì mọ́ ọn nínú ìfun, kò sì ní jẹ́ kí ó wọ ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ adìẹ ayéyin sì kún fún ìkarahun. Nítorí náà, àárọ̀ ni kí omi oògùn jẹ́, kí ìkarahun tí ẹ ń dá dà fún wọn sì di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí adìẹ fúnra rẹ̀ ń wá a láti fi ṣe èèpo ẹyin ọ̀la. Ẹ má yọ ìkarahun kúrò pátápátá, ẹyin yóò máa fọ́ sọ́wọ́. Ọjọ́ ìdúró rẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ ka páálí.

*Tylosin* wọ́n díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ni mo kà sí pàtàkì jù fún adìẹ tó ń yé tí Mycoplasma mú. Àwọn kan lára rẹ̀ wà tí páálí wọn kò béèrè ìdúró kankan fún ẹyin. Irú ìyẹn gan-an ni kí ẹ wá, nítorí ibẹ̀ ni èrè wà. Kò lè ṣe nǹkankan fún Salmonella tàbí E. coli. *Tiamulin* náà dára fún Mycoplasma, ṣùgbọ́n ó lè pa adìẹ bí oúnjẹ wọn bá ní monensin, salinomycin tàbí narasin, àwọn oògùn tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ ọmọ adìẹ nítorí àrùn coccidiose. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó po oúnjẹ kí ẹ tó lò ó fún adìẹ tó ń dàgbà. Yálà tylosin ni o, yálà tiamulin ni o, Mycoplasma kì í kúrò lára agbo pátápátá: ẹ ń rọ̀ ọ́ kí ẹyin lè padà, ni.

*Amoxicillin* kò lè pa Mycoplasma láé, nítorí ara odi bakitéríà ló ń bá jà, Mycoplasma kò sì ní odi. Ọ̀pọ̀ owó ti ṣòfò níbí yìí.

*Colistin* yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Ó gbajúmọ̀, ó sì máa ń pa E. coli inú ìfun. Ṣùgbọ́n kì í kúrò nínú ìfun lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá ti la adìẹ, tí ẹ rí ìdọ̀tí bí ẹyin sísè nínú ikùn rẹ̀, ibi tí àìsàn wà kò sí lójú ọ̀nà colistin. Ohun mìíràn wà tó ju ti adìẹ lọ. Òun wà lára àwọn oògùn tí ilé ìwòsàn ń fi pamọ́ fún aláìsàn tí gbogbo oògùn yòókù ti kọ̀ fún. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí àbùdá kan, mcr-1, tó ń jẹ́ kí bakitéríà kọ colistin, tó sì ń fò láti inú bakitéríà kan sí òmíràn, lára ẹran ọ̀sìn àti lára ènìyàn. Ẹ má lò ó láìjẹ́ pé dókítà ẹran fi àyẹ̀wò sọ pé òun nìkan ló kù.

Àwọn àpò «anti-stress» kan wà tí wọ́n da àǹtíbíótíìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ mọ́ fítámì. Ẹ ka ẹ̀yìn wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fítámì, ẹ ra fítámì; ìwọ̀n oògùn inú irú àpò bẹ́ẹ̀ lè má tó pa bakitéríà, kó sì tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ oògùn.

*Enrofloxacin* lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yúróòpù wọn kò gbà á fún adìẹ tí ènìyàn ń jẹ ẹyin rẹ̀, Amẹ́ríkà sì fòfin dè é fún adìẹ pátápátá ní 2005. Àwọn oògùn *sulfa* máa ń dín yíyé kù, wọ́n sì máa ń pẹ́ nínú ẹyin. Chloramphenicol àti àwọn nitrofuran, ẹ má tilẹ̀ gbé wọn wọ oko.

Ọ̀nà kejì: àjẹsára

Ẹni tí agbo rẹ̀ ti ń kú lónìí kò lè fi àjẹsára wò ó sàn. Ibi tí ọ̀nà yìí ti borí ni agbo tó ń bọ̀. Fún táífọ́ọ̀dù adìẹ, mo rò pé òun ni owó tó dára jù tí olùsìn lè ná, pàápàá nítorí pé adìẹ pupa bí Isa Brown àti Lohmann Brown, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, máa ń kú sí i ju adìẹ funfun lọ.

9R ni wọ́n ń pè é. Bakitéríà Salmonella Gallinarum tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ti kù díẹ̀ ni, tí wọ́n gbẹ sínú ìgò. A ń fún ọmọ adìẹ lábẹ́rẹ́ rẹ̀ sábẹ́ awọ ọrùn láti ọ̀sẹ̀ 6, a ó sì tún un fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 sí 16, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Nítorí pé ó wà láàyè, ohun púpọ̀ ló lè pa á kó tó dé ara adìẹ. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 láti ilé oògùn títí dé oko. Ẹni tó bá gbé e lórí ọ̀kadà láti Àjàṣẹ́ dé Kétu nínú àpò lásán, omi lásán ló gún fún adìẹ. Ẹ má fi ọtí spírítì fọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ sè é nínú omi híhó kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Àǹtíbíótíìkì kò gbọdọ̀ wà nínú omi tàbí oúnjẹ wọn ní àwọn ọjọ́ tó yí abẹ́rẹ́ náà ká, nítorí oògùn yóò pa àjẹsára gan-an. Tí ẹ bá ti pò ó, ẹ má jẹ́ kí ó sùn. Ẹ lò ó tán láàárín àkókò tí ìwé rẹ̀ wí.

Ìṣòro olùsìn kékeré ni pé ìgò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti adìẹ 1.000. Ẹni tó ní 300 yóò da èyí tó kù nù. Ohun tó mọ́gbọ́n dání ni kí olùsìn mẹ́ta tí adìẹ wọn jẹ́ ọjọ́ orí kan náà jọ ra á, kí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún un fún gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ó pààrọ̀ bàtà àti abẹ́rẹ́, kí ó sì fọwọ́, láti oko kan sí èkejì. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ kiri máa ń gbé àìsàn kiri pẹ̀lú.

Ti coryza jẹ́ bakitéríà tó ti kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gún un kí yíyé tó bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn. Ó níye lórí fún oko tí adìẹ oríṣiríṣi ọjọ́ orí wà pọ̀, níbi tí àìsàn náà ti ń yípo láti ọ̀dọ̀ àgbà sọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ béèrè pé ṣé ó kan oríṣi A, B àti C. Ti kọ́lẹ́rà náà wà. Ẹni tí eku pọ̀ nínú oko rẹ̀ kí ó kọ́kọ́ lé eku, nítorí eku àti ológbò ló ń gbé Pasteurella.

Ọ̀nà kẹta: kí a kó wọn jáde

Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fún táífọ́ọ̀dù adìẹ, òun nìkan ló ń fòpin sí àìsàn náà. Adìẹ tí oògùn bá mú lára dá yóò máa gbé Salmonella kiri nínú ara rẹ̀, yóò máa yọ ọ́ nínú ìgbẹ́, ó sì lè gba inú ẹyin kọjá sí ọmọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ooru tàbí ìyípadà oúnjẹ bá mú un, ikú yóò tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì tún ra oògùn.

Ọjọ́ orí agbo ni kó pinnu. Agbo tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 65, tí yíyé rẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, kò lè san owó oògùn àti ti ẹyin tí a ó dà nù padà. Ẹ kó wọn. Agbo ọ̀sẹ̀ 25 sí 40 ṣì ní owó lára: ẹ lè fi oògùn tí antibiogramme yàn dín ikú kù, kí ẹ jẹ ẹyin wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ pàdé ọmọ adìẹ tuntun láé, ẹyin wọn kò sì gbọdọ̀ di èyí tí a ń fi pa ọmọ.

Kíkó jáde kì í ṣe kíkó lọ sí ọjà Ouando láàyè. Adìẹ tó ti ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ di ẹran jíjẹ. Èyí tó dá ṣáṣá, tí ọjọ́ ìdúró oògùn fún ẹran rẹ̀ ti pé, kí dókítà ẹran wò ó, kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá rà á láàyè lọ sìn nílé ti gbé àìsàn lọ sí àdúgbò rẹ̀. Òkú, ẹ sun wọ́n tàbí kí ẹ sin wọ́n jìn pẹ̀lú ẹfun. Ní Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà, omi ilẹ̀ kò jìnnà, nítorí náà sísun dára ju sínsin lọ, kí ìdọ̀tí má baà wọ kànga.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù. Ẹ kó gbogbo kópò jáde, ẹ há ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ògiri, ìtẹ́ àti ohun ìmumi, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó wá fi oògùn apakòkòrò wọ́n ọn. Bí ìgbẹ́ bá ṣì wà lára ògiri, omi Javel kò lè ṣiṣẹ́. Ìdọ̀tí ló máa gba agbára rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò pákó àti abẹ́ ibi ìsùn lóru: kòkòrò pupa wínníwínní tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ, ó lè gbé Salmonella Gallinarum láti agbo kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí ilé ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán lẹ́yìn fífọ̀. Owó tó ń wọlé yóò dúró lásìkò yìí, ìyẹn sì ni iye gidi ọ̀nà kẹta.

Ewé, ayù àti omi ọsàn

Wọn kì í ṣe ìtọ́jú fún agbo tó ń kú. Kò sí ìwọ̀n tó dájú fún wọn, wọ́n sì ń jẹ ọjọ́ tí oògùn ìbá ti ṣiṣẹ́. Omi mímọ́ ló yẹ kí owó yẹn lọ sí. Ní Kétu, níbi tí ọ̀pọ̀ ń fi àgbá gba omi òjò, ẹ fi Javel tọ́jú rẹ̀: bí ìgò bá kọ 5%, mílílítà 6 nínú líítà 100 tó fún omi mímu adìẹ, àyàfi lọ́jọ́ oògùn tàbí àjẹsára inú omi.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ń hó lọ́fun tí ojú ń wú, ṣùgbọ́n tí ikú kò pọ̀: tylosin tí kò béèrè ìdúró bí ó bá jẹ́ Mycoplasma, oxytetracycline bí ó bá jẹ́ coryza, kí ó sì ṣí afẹ́fẹ́ sílé adìẹ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹni tó rí ìdọ̀tí bí ẹyin sísè nínú ikùn adìẹ kọ̀ọ̀kan tó ń kú, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́túnla: ẹ má ra oògùn fún gbogbo agbo. Ẹ pààrọ̀ kópò, ẹ wo ìtẹ́ ẹyin, ẹ fọ ohun ìmumi lójoojúmọ́. Bí ikú bá ń pọ̀ sí i, ẹ fi adìẹ ránṣẹ́ fún antibiogramme.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ adìẹ rẹ̀ ní àwọ̀ idẹ, tí ilé àyẹ̀wò sì fìdí táífọ́ọ̀dù múlẹ̀: bí agbo bá ti dàgbà, kíkó jáde, bí ó bá ṣì kéré, oògùn tí àyẹ̀wò yàn fún ìgbà kan ṣoṣo, kí ó sì kọ ọjọ́ tí yóò kó wọn jáde sílẹ̀.

Ẹni tó ń sin ọ̀pọ̀ ọjọ́ orí nínú oko kan, àjẹsára ni ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ adìẹ kó tó kan àgbà, bàtà ọ̀tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó ra ọmọ adìẹ tuntun, kí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tà wọ́n pé a ti yẹ àwọn ìyá wọn wò fún Salmonella Pullorum àti Gallinarum, kí ó sì bá ilé oògùn ẹran sọ̀rọ̀ 9R lọ́jọ́ tó bá san àsansílẹ̀ ọmọ adìẹ, kó lè wà nílẹ̀ pẹ̀lú yìnyín rẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá pé.